Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Àwọn Olórí Ẹgbẹ́ Onílé: Ẹ Jẹ́ Kí Ológbò Tí Ìyà Ti Jẹ Rí Ilé Gbé

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ wa gbogbo, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan láti Èkó títí dé Ọ̀wọ̀, ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, n kò kọ ọ́ sí gómìnà tàbí àwọn aṣòfin Àbújá, nítorí pé ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá wà. Nínú Àfikún Kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n dárúkọ ọjà àti ibùdókọ̀, wọ́n dárúkọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, wọ́n sì dárúkọ àkóso ẹran ọ̀sìn inú ilé, irú yòówù kó jẹ́. Ọ̀rọ̀ ọjà àti ibùdókọ̀ la sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ wa. Ti ẹran ọ̀sìn yìí kì í sábà jáde. Ẹran tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí ni ológbò, pàápàá èyí tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ òkò, omi gbígbóná tàbí májèlé, tí wọ́n wá ń wá ẹni tí yóò gbà á sílé. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín kò ju ẹyọ kan lọ: ìwà tí a ń rí lára irú ológbò bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè é ní ẹran àjẹ́, ẹ̀rù ni, àwa ènìyàn la dá ẹ̀rù náà sí i lára, ilé tó bá sì gbà á pẹ̀lú sùúrù lè mú un kúrò. Bí mo bá fi ìdí èyí múlẹ̀, a jẹ́ pé òfin àdúgbò tó ní kí ayálégbé má sin ológbò, àti májèlé tí a ń dà sílẹ̀ fún un, kò ní ìdí tó gúnwà mọ́.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé Yorùbá kò mọ ìwúlò ológbò. Àwọn tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gààrí lápòlápò nínú ọjà wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ wọ ìsọ̀ wọn, ẹ óò rí i níbi tí wọ́n fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, abọ́ omi kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó ń ṣọ́ ọjà olówó rẹ̀. Àwọn àgbà tó ní bí ológbò bá rìnrìn àjò ilé á di ilé èkúté kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹran kan náà tó ṣọ́ àpò ìrẹsì lọ́sàn-án, bí ó bá fò sórí páànù lóru, òkò ló máa bá pàdé, bí ó bá sì wá jẹ́ dúdú, òkò nìkan kọ́. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń gbà wọ́n sílẹ̀: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi owó àpò ara wọn ra oògùn, àwọn ìyá tó rọra ń fi oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ibi tí iṣẹ́ wọn ti ń há ni ibi tí ó ti kan kí ẹlòmíràn gba ẹran náà sílé. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, onílé rẹ̀ kò ní fẹ́. Onílé tó bá gbà, àwọn ará ilé yòókù á ní àwọn kò lè bá ológbò tó ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbé, pé ojú rẹ̀ ti le jù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó le jù, ìyẹn igbe òru. Àwọn Yorùbá ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣe ẹ̀rí láìmọ̀ nígbà tí ológbò bá ké lẹ́yìn fèrèsé lóru tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá wọn pẹ̀lú ìbànújẹ́. N kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbànújẹ́ òbí tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́. Ibà ń pa ọmọdé nílẹ̀ wa, ìgbẹ́ gbuuru ń pa wọ́n, àìsàn fọ̀níkú-fọ̀la-dìde ń pa wọ́n, òru sì ni ara àwọn ọmọ mìíràn sábà máa ń le sí i, nígbà tí kò sí ọkọ̀ tí ilé ìwòsàn sì jìnnà. Ṣùgbọ́n igbe ọ̀hún, a mọ ohun tó ń fà á. Abo ológbò tó ń wá akọ ló ń ké bẹ́ẹ̀, àwọn akọ tó ń jà nítorí rẹ̀ náà á sì máa hu, ohùn wọn sì jọ ti ọmọ ọwọ́ débi pé abiyamọ lè dìde lórí ibùsùn. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún ni abo ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ. Bí kò bá rí akọ gùn ún, kò ní pẹ́ tí á tún fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá rí, oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, ó sì lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Nítorí náà igbe tí àdúgbò ń gbọ́ kò lè tán nípa pípa ẹyọ kan. Ohun tó ń pa igbe náà ni iṣẹ́ abẹ: kí dókítà ẹran tẹ akọ lọ́dàá, kí ó sì ṣe ti abo kó má lè lóyún mọ́. Àwa tí a ti ń tẹ òbúkọ lọ́dàá láti ayébáyé mọ irú ìyípadà tí èyí ń mú bá ẹran. Abo tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún kò ní ké igbe akọ mọ́. Bí igbe bá jẹ́ ti àjẹ́ ní tòótọ́, abẹ dókítà kò ní lè gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ti ojú náà ńkọ́? A ní ojú ológbò ń tàn lóru, pé ó ń wo ènìyàn títí bí ẹni tó ní nǹkan lọ́kàn. Ohun tó ń mú ojú tàn ni awọ kan tó wà lẹ́yìn ẹyinjú tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kí ẹran tó ń rìn nínú òkùnkùn lè rí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó bá wà lò. Ewúrẹ́ ní irú awọ yìí, màlúù ní in, ẹni tó bá tan tọ́ọ̀ṣì sí agbo ẹran lóru ti rí i, a kò sì tìtorí rẹ̀ lé ewúrẹ́ jáde nílé. Wíwò tí ó ń wò wá sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Láàárín àwọn ológbò, kí ẹnì kan tẹjú mọ́ ẹnì kejì láìṣẹ́jú, ìhàlẹ̀ ni. Ẹran tí wọ́n ti lù rí kò gbọ́dọ̀ gbé ojú kúrò lára ẹni tó lè tún lù ú, nítorí náà á tẹjú mọ́ wa. Àwa náà á tẹjú mọ́ ọn nítorí pé a ń bẹ̀rù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìfura á ṣe máa ga sí i láàárín ẹni méjì tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fẹ́ jà. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní University of Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí ènìyàn kọjú sí ológbò, kí ó rọra máa pa ojú dé díẹ̀díẹ̀, kí ó sì rọra là á. Àwọn ológbò náà ń ṣẹ́jú padà lọ́nà kan náà, wọ́n sì túbọ̀ ń sún mọ́ ọwọ́ ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àní bí wọn kò tilẹ̀ mọ ẹni náà rí. Ẹran tí a ní ojú rẹ̀ kún fún ìkà, ojú pẹ̀lẹ́ ló ń dáhùn nígbà tí a bá fi ojú pẹ̀lẹ́ wò ó.

Nípa bí ẹ̀rù ṣe ń wọ ológbò lára, Eileen Karsh ní Temple University ní ìlú Philadelphia ṣe iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ó rí i pé láti ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n bí ọmọ ológbò títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ keje ni ọkàn rẹ̀ ṣí jù lọ láti mọ ènìyàn sí ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Èyí tí ènìyàn bá ń gbé, tí wọ́n ń fọwọ́ pa lára ní àkókò yìí, á dàgbà di ẹni tó ń tọ ènìyàn lọ. Èyí tó jẹ́ ìró ìgbálẹ̀ àti òkúta ló kọ́kọ́ mọ̀, á dàgbà di asáèèyàn. Ẹ wá ro ohun tí ọmọ ológbò tí wọ́n bí sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà nílùú wa máa ń kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún wọ̀nyẹn. Nígbà tí a bá rí i ní ọmọ ọdún kan tí ó ń la ẹnu ṣe ṣíì sí wa, tí etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, tí dúdú ojú rẹ̀ fẹ̀ tí ó sì bo àwọ̀ ojú náà mọ́lẹ̀, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ ló ń kà fún wa. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. A kò sì sọ pé ẹni náà ya wèrè.

Ìbéèrè tó kù ni bóyá ẹ̀rù yìí ṣeé wò. Ó ṣeé wò, ohun tí ó ń béèrè kò sì ju agbára tálákà lọ. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ láti Utrecht ní ilẹ̀ Netherlands ṣe ìwádìí ní ibùdó kan tí wọ́n ń kó àwọn ológbò tí kò nílé sí. Wọ́n fún ológbò mẹ́wàá ní àpótí tí wọ́n lè fara pamọ́ sí, wọn kò fún mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin, ara àwọn tó ní àpótí ti balẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ dáadáa. Àpótí lásán o! Nílé tiwa, pààlí Indomie á ṣe é. Ẹ gé ojú ọ̀nà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ àtijọ́ sí i nínú, ẹ gbé e sí igun yàrá tí ọmọdé kì í ti í sáré kọjá. Ológbò á wọ ibẹ̀, á sì lè lo ọjọ́ mélòó kan láìjáde lójú ènìyàn. Á jẹun lóru tí gbogbo ilé bá ti sùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fà á jáde. Kí ẹni tó gbà á máa gbé oúnjẹ lọ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ọ̀nà tí ẹran náà fi lè jẹun láì sá, kó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kó má sì na ọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á sún abọ́ mọ́ ara rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Ọjọ́ tí ológbò bá fúnra rẹ̀ wá gbóòórùn ìka ọwọ́ rẹ̀, tí ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra á, ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í di ará ilé. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì, ó sì lè jẹ́ oṣù kẹta.

Oúnjẹ náà ní ẹ̀kọ́ nínú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ológbò tí wọ́n ní ó ń ṣàìsàn ẹ̀mí, oúnjẹ ló ń ṣe é. Àwa a máa fún un ní ẹ̀bà tí a fi ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù pò. Ológbò kì í ṣe ẹran tó lè fi ẹ̀bà gbé ara ró. Èròjà kan wà nínú ẹran àti ẹja, tí wọ́n ń pè ní taurine, tí ara rẹ̀ kò lè dá ṣe tó. Bí kò bá rí i jẹ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ á máa fọ́ díẹ̀díẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì wú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlùbọ́sà tó wà nínú ọbẹ̀ wa ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹja ṣáwá díẹ̀ tí a bọ̀ láìfi iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà sí, tí a yọ egungun rẹ̀ kúrò, pẹ̀lú ìfun adìẹ tàbí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tí a sè jinná, sàn fún un ju abọ́ ẹ̀bà kan lọ. Yanrìn gbígbẹ nínú abọ́ ìfọṣọ tó ti fọ́ létí tó fún un láti ṣe ìgbẹ́ sí, nítorí pé ó jẹ́ àdámọ́ rẹ̀ láti wa ilẹ̀ kó sì bò ó. Mo mẹ́nu ba gbogbo èyí kí ẹ lè rí i pé ìtọ́jú tí mo ń sọ kò béèrè pé kí ènìyàn lówó bí ará Lekki. Yàrá kan àti pálọ̀ gbà á.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé ológbò tó ti ya ẹhànnà kò lè padà di ẹran ilé mọ́, pé ìgbà ló ń fi wá ṣòfò. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tó ti dàgbà láìsí ọwọ́ ènìyàn lára rẹ̀ rárá lè má di ẹni tó ń jókòó léni lẹ́sẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ológbò tí kò mọ ènìyàn rí, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ti gbé ilé rí tí wọ́n wá lé jáde tàbí lù bolẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ jẹ́ irú kejì yìí, wọ́n sì ń rántí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ á rí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀: ẹni ìṣáájú á máa sá títí, ẹni ìkejì á máa wo ọ̀nà ẹnu abọ́ àti ojú ẹni tó gbé e wá. Fún irú àkọ́kọ́, ilé ìkó-ọkà-sí, oko adìẹ àti ẹ̀yìn ìsọ̀ ni àyè rẹ̀, níbi tí á ti ṣe iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ láìsí ẹni tó ń fi dandan gbé e, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá tí wọ́n sì ti gún un ní abẹ́rẹ́. Kò sí èyí nínú àwọn méjèèjì tí májèlé tọ́ sí. Àwọn mìíràn á tún ní ológbò kò mọ olówó rẹ̀, ilé nìkan ló mọ̀. Kristyn Vitale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oregon State University dán èyí wò ní ọdún 2019. Wọ́n fi ológbò sílẹ̀ nínú yàrá tí kò mọ̀, wọ́n ní kí olówó rẹ̀ jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó sì padà wọlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì nínú mẹ́ta wọn tó jẹ́ pé ara wọn balẹ̀ bí wọ́n ṣe rí olówó wọn padà.

Ti àrùn ni mo ka sí àtakò tó wúwo jù, nítorí pé ìlera ará ìlú jẹ́ ojúṣe yín. Ológbò lè ní dìgbòlugi bí ajá tó ní in bá bù ú jẹ. Ajá ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí orísun ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dìgbòlugi tó ń mú ènìyàn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí a máa fi ológbò sílẹ̀ láìgún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti oṣù kẹta ni wọ́n ti lè gún un. Ẹni tí ológbò tàbí ajá bá sì bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Àrùn kejì ni èyí tí kòkòrò Toxoplasma ń fà, tó léwu fún aláboyún àti oyún inú rẹ̀. Ológbò sábà máa ń tú kòkòrò yìí jáde nínú ìgbẹ́ rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta péré lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tó bá kó o, ó sì gbọ́dọ̀ lò tó ọjọ́ kan sí márùn-ún nínú ìgbẹ́ náà kó tó lè ran ènìyàn. Nítorí náà, ilé tí wọ́n ti ń kó yanrìn náà dà nù lójoojúmọ́, tí ẹlòmíràn sì ń bá aláboyún ṣe é, ti dènà ewu náà. Ẹran tí kò jinná àti ẹ̀fọ́ tí a kò fọ̀ dáadáa ń kó kòkòrò kan náà ran ènìyàn. Làpálàpá tó lè wà lára rẹ̀ ní oògùn. Ẹ kíyè sí i pé ológbò tí kò nílé ni gbogbo ewu wọ̀nyí pọ̀ jù lára rẹ̀: kò sí ẹni tó gún un ní abẹ́rẹ́, kò sí ẹni tó ń kó ìgbẹ́ rẹ̀, inú iyẹ̀pẹ̀ tí ọmọ wa ti ń ṣeré ló ń ya á sí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ àrùn ká lára ló yẹ kó kọ́kọ́ fẹ́ kí ológbò náà ní olówó.

Àrùn tí eku ń gbé kiri sì wà níbẹ̀ tí ń dúró dè wá. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ibà Lassa ní ọdún 1969, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọ̀wọ̀ àti àyíká rẹ̀ kò nílò kí n sọ fún yín pé ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù lọ lónìí. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó ń wọ oúnjẹ wa ni ọ̀nà rẹ̀. Nínú ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àwọn ìlú tí ibà yìí wà, wọ́n ní kí a máa kó oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè lu, kí a da ìdọ̀tí jìnnà sílé, kí ilé mọ́ tónítóní, kí a sì máa sin ológbò. N kò sọ pé ológbò á pa eku tán. Níbi tí àkìtàn bá wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ológbò tó lè borí rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó ṣòro láti lóye ìdí tí ẹgbẹ́ onílé fi máa lé ẹran tí àjọ ìlera ní kí a sìn, tí wọ́n á sì fàyè gba kí wọ́n máa da ọ̀tá-pìà-pìà àti oògùn eku sí ọ̀ọ̀dẹ̀ tí ọmọ ti ń rákòrò. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré oògùn kòkòrò dichlorvos nítorí jàǹbá tó ń ṣe fún ènìyàn. Eku tó bá sì jẹ májèlé kì í dúró sójú kan kú. Ológbò, ajá àti adìẹ á gbé e jẹ, ikú á sì máa ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì.

Àwọn onígbàgbọ́ láàárín yín, tọkàntọkàn ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Mùsùlùmí mọ ìtàn obìnrin tó ti ológbò mọ́lé tí kò fún un lóúnjẹ tí kò sì jẹ́ kó jáde wá nǹkan jẹ, wọ́n sì mọ ohun tí Ànábì sọ pé ó jẹ́ èrè rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé Abu Hurayra, tí hadith púpọ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, ológbò ló fi jẹ orúkọ. Krìstẹ́nì ní Ìwé Òwe orí 12 ẹsẹ 10 níwájú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi ìtọ́jú ẹran ṣe àmì olódodo. Ibo la ti wá rí i pé ẹ̀sìn ló ní ká da omi gbígbóná sí ológbò lára? Fíìmù tí a ń wò, níbi tí ológbò dúdú ti máa ń yọ kí àjẹ́ tó dé, ti kọ́ wa ju àlùfáà lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìlú Ypres ní ilẹ̀ Belgium, wọ́n ń ju ológbò ààyè láti orí ilé gogoro sílẹ̀ nígbà ọdún wọn, títí di ọdún 1817 tí wọ́n ju ti ìkẹyìn. Wọ́n ṣì ń ṣe ọdún náà lónìí, ológbò tí wọ́n fi aṣọ rán ni wọ́n ń jù báyìí.

Àtakò kan kù tí n kò lè fò: ebi ń pa ènìyàn, ẹ ní ká wá máa tọ́jú ológbò. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo ń béèrè. N kò ní kí ìjọba fi owó oúnjẹ ènìyàn bọ́ ológbò. Mo ní kí a má ṣe dí ẹni tó fẹ́ fi ẹja rẹ̀ bọ́ ọ lọ́wọ́. Ohun kan sì tún wà tó kan ènìyàn gan-an. Ìgbàgbọ́ pé ológbò lè yí padà di ìyá àgbàlagbà, tàbí pé ìyá àgbàlagbà ló ń rán an, kì í dúró lórí ẹran. Ọwọ́ tó bá mọ́ ọn lára láti sọ òkò lu ohun tó pè ní àjẹ́ kò ní í pẹ́ tí á fi rí opó kan tó ń dá gbé ní ìparí àdúgbò. Òfin Criminal Code wa mọ ewu yìí: abala 210 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn. Abala 495 nínú òfin kan náà ní ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹran lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san àádọ́ta náírà. Owó ìtanràn náà ti di ohun tí kò ra nǹkan kan, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá àdúgbò yín sì lè lò ó bí ẹ bá ní kí wọ́n lò ó.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ onílé, ẹ yọ gbólóhùn tó ní ayálégbé kò gbọ́dọ̀ sin ológbò kúrò nínú àdéhùn ilé yín. Ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: pé ẹni tó bá fẹ́ sìn ín gbọ́dọ̀ fi ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi hàn, kó ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kó sì máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ dà nù fúnra rẹ̀. Èyí á dáàbò bo àwọn ará ilé yòókù ju ìfòfindè lọ, nítorí pé ìfòfindè kò tíì mú kí ológbò kan ṣoṣo kúrò lórí páànù. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún, ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án tí gbogbo ayé fi ń ṣe Àyájọ́ Dìgbòlugi sì dára fún un, kí àwọn dókítà ẹran lè gún ajá àti ológbò ní abẹ́rẹ́, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní owó pọ́ọ́kú. University of Ibadan àti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, wọ́n sì nílò ibi tí wọ́n ti lè fi ọwọ́ kọ́ ọ lábẹ́ àwọn olùkọ́ wọn. Ẹ ṣí ìwé kan sí ọ́fíìsì ìlera yín, kí àwọn tó ń gba ológbò sílẹ̀ máa kọ èyí tó ń wá ilé sínú rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ gbà á sì mọ ibi tí yóò lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi àdúgbò kan ṣoṣo dán an wò fún ọdún kan, kí ẹ sì bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè nípa igbe òru, nípa eku, àti iye ìgò oògùn eku tí wọ́n rà.